Orúkọ Àwọn Tí A Kó Lẹ́rú: Láti Inú Ìwé Kóòtù Dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà, orúkọ ní ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ohun ìpè lásán. Ó ń sọ ọ̀nà tí ọmọ gbà wá sáyé, òrìṣà tí ìdílé rẹ̀ ń bọ, àti ipò tí ilé wà ní ọjọ́ tí a bí i. Ìgè ni ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ wá sáyé. Àjàyí ni èyí tí ó dojú bolẹ̀. Òjó àti Àìná ni àwọn tí ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn. Abíọ́nà ń sọ pé ojú ọ̀nà ni ìyá rẹ̀ bí i sí. Babátúndé ń sọ pé baba àgbà ti kú kí ọmọ tó dé. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ, tí ó sì gbọ́ èdè tí a fi sọ ọ́, ti mọ díẹ̀ nínú ìtàn ẹni tí ń jẹ́ ẹ, bí kò tilẹ̀ fojú kàn án rí.

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn akọ̀wé kóòtù ní Freetown àti ní Havana kọ orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Áfíríkà tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Àwọn akọ̀wé náà kò mọ ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ. Ìwé wọn wà nínú àpótí fún ohun tí ó ju 150 ọdún lọ kí àwọn olùwádìí tó kó orúkọ inú rẹ̀ jọ, kí a sì tó gbé e síbi tí àwọn tí ó ni èdè ti lè gbọ́ ọ. Ìtàn ìrìn-àjò àwọn orúkọ yìí yẹ kí gbogbo ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Nàgó mọ̀, nítorí pé ó fi hàn kedere ohun tí pípín iṣẹ́ ìwádìí ní gbangba lè ṣe, ó sì fi ibi tí iṣẹ́ kù sí hàn pẹ̀lú.

Ìwé tí àwọn kóòtù kọ

Ní ọdún 1807, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú fún àwọn ọmọ ìlú wọn. Láti ọdún 1808 ni ilé-ẹjọ́ ọ̀rọ̀ òkun tiwọn ti ń dá ẹjọ́ àwọn ọkọ̀ ẹrú tí a mú ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Ní ọdún 1817 àti 1818, wọ́n bá Pọ́túgà, Spéìn àti ilẹ̀ Họ́láńdì ṣe àdéhùn. Àdéhùn náà ni ó bí àwọn kóòtù tí adájọ́ láti orílẹ̀-èdè méjì jọ ń jókòó nínú wọn. Ọ̀kan wà ní Freetown, ọ̀kan wà ní Havana ní erékùṣù Kúbà. Bí kóòtù bá dá ọkọ̀ kan lẹ́bi, a ó sọ àwọn tí a kó sínú rẹ̀ di òmìnira. Òmìnira náà kì í ṣe òmìnira pátápátá: ní Sàró, a fi àwọn kan ṣe ọmọ-iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, a fi àwọn mìíràn sínú iṣẹ́ ológun; ní Kúbà, a fà wọ́n lé ọwọ́ àwọn ọ̀gá tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún ní ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dá wọn sílẹ̀, a ní láti kọ orúkọ wọn.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti Freetown ń fi nọ́ńbà, orúkọ, ọjọ́ orí, gíga àti àmì ara ẹnì kọ̀ọ̀kan hàn, ó sì ń sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ti Havana, tí ó ní orúkọ ènìyàn tí ó lé ní 10,000 láàárín ọdún 1824 sí 1841, tún fi ẹ̀yà tí olúkúlùkù ti wá kún un. Níbẹ̀, àwọn ògbufọ̀ tí àwọn fúnra wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà ni ó ń bi àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé léèrè ọ̀rọ̀. Lucumí ni wọ́n ń pe àwọn tí ń sọ Yorùbá ní Kúbà. Ní Sàró, Aku ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn. Ní Bràsíìlì, Nàgó ni. Bí ènìyàn kan náà ṣe gba orúkọ mẹ́ta ní èbúté mẹ́ta nìyẹn.

Lára àwọn tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Freetown ní ọdún 1822 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí. A ti mú un ní Òṣogùn ní ọdún 1821, a sì tà á sínú ọkọ̀ àwọn Pọ́túgà ní Èkó kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á. Òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, tí ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Òun rí ìwé kọ́, ó sì sọ ìtàn ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó kù kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé kóòtù ni gbogbo ohun tí àkọsílẹ̀ pa mọ́ nípa wọn.

Ìlà náà ṣòro kà. Akọ̀wé ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, etí rẹ̀ sì ti mọ́ èdè tirẹ̀ lára. Kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀. Akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kò ní lẹ́tà tí yóò fi ya ẹ sọ́tọ̀ kúrò lára e, tàbí ọ kúrò lára o. Akọ̀wé Spéìn kò ní ṣ nínú èdè rẹ̀, nítorí náà ch ni ó sún mọ́ ọn jù lọ. J Yorùbá a sì di y lọ́wọ́ rẹ̀, tí Àjàyí fi lè di Ayayí. Gb àti p sì ṣòro fún àwọn méjèèjì.

Ẹni tí ń kọ́ni ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò ní ṣe kàyéfì nípa èyí. Orúkọ tí a ń kọ ní Adéṣínà ní Nàìjíríà ń gba sh nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ó sì ń di Adéchina nínú ìwé ìbí tí a fi Faransé kọ. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè lè rò pé ènìyàn mẹ́ta ni.

Nígbà tí olúkúlùkù ń pa tirẹ̀ mọ́

Ní ọdún 1969, òpìtàn ará Amẹ́ríkà kan, Philip Curtin, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti gbìyànjú láti ṣírò iye àwọn tí a kó kọjá Òkun Àtìláńtíìkì. Ó lo ìwé tí àwọn mìíràn ti tẹ̀ ṣáájú, ó sì rí i pé àwọn tí ó gúnlẹ̀ láàyè tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 9.5. Ìṣirò rẹ̀ dá àríyànjiyàn sílẹ̀, àríyànjiyàn náà sì lé àwọn olùwádìí lọ sí ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni Herbert Klein àti àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ka àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò àwọn ọkọ̀ ẹrú.

Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni ó ní àkójọ tirẹ̀. Ẹnì kan mú ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹlòmíràn mú ti Faransé, ẹlòmíràn mú èyí tí ó gúnlẹ̀ sí Bràsíìlì. Bí ẹnì kan ṣe ń kọ ọjọ́ àti orúkọ èbúté kọ́ ni ẹnì kejì ṣe ń kọ ọ́. Ọkọ̀ kan náà lè wà nínú àkójọ méjì kí a má mọ̀ pé ọ̀kan ni, nítorí pé a kọ orúkọ rẹ̀ lọ́nà méjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò ní láti bẹ̀ ẹ́ kí ó fún òun ní ẹ̀dà.

Ní ọdún 1990, David Eltis àti Stephen Behrendt pàdé nínú ilé ìtọ́jú ìwé ìjọba ní Lọ́ńdọ́nù, níbi tí olúkúlùkù wọn ti ń ṣe ìwádìí tirẹ̀. Wọ́n rí i pé ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń tọ̀, èrò láti da gbogbo àkójọ pọ̀ sì jáde wá. David Richardson àti Klein wà lára àwọn tí ó bá wọn ṣe é. Wọ́n ṣiṣẹ́ náà lábẹ́ ilé ìwádìí Du Bois ní Yunifásítì Harvard. Ní ọdún 1999, àkójọ náà jáde lórí àwo sídíì, pẹ̀lú ìrìn-àjò 27,233.

Àwo náà ṣe é yẹ̀ wò lọ́nà tí kò sí rí tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, rírà ni a ń rà á. Pàtàkì ju èyí lọ, bí a bá ti tẹ nǹkan sínú àwo, kò ṣe é tún ṣe mọ́. Bí ìwé tuntun bá jáde nínú àpótí kan ní Lisbon tàbí ní Bahia lẹ́yìn oṣù kan, kò sí bí a ṣe lè fi kún un.

Iṣẹ́ tí ó bọ́ sí gbangba

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, Yunifásítì Emory ní ìlú Atlanta gbé àkójọ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ibùdó tí a mọ̀ sí Slave Voyages. Àwọn olùwádìí ti fi ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Pọ́túgà, Bràsíìlì àti Spéìn kún un, tí ìrìn-àjò inú rẹ̀ fi tó nǹkan bíi 35,000. Lónìí ó ti lé ní 36,000. Ẹnikẹ́ni lè wò ó láìsan kọ́bọ̀. Láti inú rẹ̀ ni a ti ṣírò pé àwọn tí a kó sínú ọkọ̀ ní etíkun Áfíríkà tó mílíọ̀nù 12.5, àwọn tí ó sì gúnlẹ̀ láàyè tó mílíọ̀nù 10.7. Èyí já sí pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8 ni kò dé èbúté. Àwọn tí a kó ní etíkun tí ó lọ láti ẹnu odò Volta dé ibi tí Odò Ọya ti ń wọ òkun, níbi tí Wìdà, Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Èkó wà, súnmọ́ mílíọ̀nù 2.

Bí a ṣe to iṣẹ́ náà yẹ fún àkíyèsí. Ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí olùwádìí ní Kotonu àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Havana lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan náà ni àwọn ń sọ. A kọ orúkọ ọkọ̀, ti ọ̀gákọ̀, èbúté tí ó ti gbéra àti èyí tí ó gúnlẹ̀ sí, ọjọ́ àti iye ènìyàn. A sì dárúkọ ìwé tí a ti rí ọ̀rọ̀ náà, kí ẹni tí ó bá ṣiyèméjì lè lọ wò ó. Gbogbo àkójọ náà ṣe é gbà sórí kọ̀ǹpútà ẹni, pẹ̀lú ìwé tí ó ṣàlàyé ohun tí ààyè kọ̀ọ̀kan dúró fún. Ẹni tí ó bá rí àṣìṣe tàbí ọkọ̀ tuntun lè fi ránṣẹ́, àwọn olóòtú a sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fi kún un.

Ohun kan tún wà tí ó ṣe pàtàkì jù lọ. Àkójọ náà ya ohun tí ìwé àtijọ́ sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí olùwádìí rò. Bí ìwé bá sọ iye àwọn tí ó gúnlẹ̀ tí kò sọ iye àwọn tí a kó wọlé, a lè fi ìṣirò wá iye kejì. Ṣùgbọ́n ààyè ọ̀tọ̀ ni a ń kọ ọ́ sí. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ìṣirò náà lè gbé e tì, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ìwé sọ.

Orúkọ àti etí ẹni tí ó ni èdè

Síbẹ̀, ìwé àwọn oníṣòwò ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a fi kọ́ àkójọ náà, oníṣòwò a sì máa ka ènìyàn bí ẹrù. Nínú àtòjọ ọkọ̀, nọ́ńbà ni ènìyàn jẹ́. Ìwé àwọn kóòtù nìkan ni ó fi orúkọ sí i.

Ní ọdún 2002, G. Ugo Nwokeji àti David Eltis tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà History in Africa nípa bí a ṣe lè fi orúkọ inú ìwé Freetown àti ti Havana wá ibi tí àwọn ènìyàn náà ti wá. Èrò wọn ni pé bí ojú kò bá lè ka ohun tí akọ̀wé kọ, etí ẹni tí ó gbọ́ èdè lè dá a mọ̀ bí a bá pè é jáde. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ètò African Origins ti jáde ní Emory ní ọdún 2011. A gbé orúkọ ènìyàn 91,491 sórí íntánẹ́ẹ̀tì, a fi ohùn tí ń pe orúkọ sí i, a sì bẹ àwọn ọmọ Áfíríkà níbikíbi tí wọ́n bá wà pé kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n sọ èdè tí wọ́n rò pé ó ti wá. Lẹ́yìn náà, a so àkójọ orúkọ yìí mọ́ ibùdó Slave Voyages.

Ibí yìí ni ìyípadà ńlá wà. Títí di ìgbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó ń ṣe ìwádìí, àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nísinsìnyí, ìyá àgbà ní Kétu tí kò wọ yunifásítì rí lè mọ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n kò mọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí lẹ́tà mẹ́ta nínú Ojo. Ẹni tí ó gbọ́ ọ rí ọmọkùnrin tí ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn nígbà tí a bí i, ó sì rí agbẹ̀bí tí ó tú u. Bí a bá tún mọ ọkọ̀ tí ó gbé e àti èbúté tí ọkọ̀ náà ti gbéra, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀nà tí ó gbà láti ìlú rẹ̀ dé òkun.

Ohun tí orúkọ nìkan kò lè sọ

Kò yẹ kí a fi ìdùnnú gbàgbé ìṣọ́ra. Orúkọ 91,491 kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a kó lọ, kìkì àwọn ọkọ̀ tí a mú lẹ́yìn ìfòfindè ni ó sì kàn. Orúkọ ìmàle wà lọ́dọ̀ Haúsá, Núpé àti Yorùbá lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí Nàgó, Gùn àti Fọ̀n ti ń fẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì jọ ń dá Ifá, orúkọ kì í dúró sí ẹ̀yìn ààlà. Ẹni tí a mú lẹ́rú pàápàá lè fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́, ògbufọ̀ sì lè yí i padà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ti orúkọ Yorùbá fúnra rẹ̀. Ní ìgbà tí a ń kọ àwọn ìwé náà, ará Kétu, ará Ṣábẹ̀ẹ́, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kò pe ara wọn ní orúkọ kan ṣoṣo. S. W. Koelle, tí ó kó ọ̀rọ̀ èdè púpọ̀ jọ ní Freetown, tí ó sì tẹ Polyglotta Africana jáde ní ọdún 1854, kò fara mọ́ pé kí a máa fi Yorùbá pe gbogbo wọn. Ó kọ ẹ̀ka èdè kọ̀ọ̀kan lábẹ́ orúkọ tirẹ̀. Bí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ lónìí bá kọ Yorùbá nìkan sí i, kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ti pa ìlú náà rẹ́.

Nítorí náà, ìdájọ́ ẹnì kan kò tó, ìdájọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n kánjú pàápàá kò tó. Títi ìlẹ̀kùn padà kọ́ ni àtúnṣe rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ohun tí akọ̀wé kọ dúró bí ó ti wà, kí èrò àwọn tí ó gbọ́ ọ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a sì mọ èdè àti ìlú ẹni tí ó sọ ọ́.

Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀?

Ìwé a máa gbó, ẹ̀rọ sì ń gbó ju ìwé lọ. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà òde òní kò tilẹ̀ ní ibi tí a lè ki àwo ọdún 1999 bọ̀. Ibùdó orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń gba owó, ó ń gba àtúnṣe, bí owó bá sì tán ní yunifásítì kan, iṣẹ́ ogójì ọdún lè parẹ́. Nítorí èyí ni a fi gbé ìtọ́jú Slave Voyages lé ọwọ́ àjọ àwọn yunifásítì àti ilé ìwádìí mélòó kan ní ọdún 2021. Yunifásítì Rice gba ilé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́ Emory, Yunifásítì West Indies ní Cave Hill sì wà lára àwọn tí ó jọ ń gbé e. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ohun tí ó kù fún àwọn ará Nàgó

Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ́kọ́ fi ṣe àwọn ibùdó wọ̀nyí. Lẹ́yìn náà ni a fi èdè Pọ́túgà àti Spéìn kún ti Slave Voyages. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ orúkọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pobẹ̀ àti Àjàṣẹ́ jù lọ ni àwọn àgbà tí èdè Nàgó nìkan tó wọn í sọ, àti àwọn ọmọ wọn tí Faransé ni èdè ilé-ìwé wọn. Ṣíṣí ìlẹ̀kùn yàtọ̀ sí kí ènìyàn lè wọlé. Iṣẹ́ tí a bá ṣí sílẹ̀ ní èdè tí onílé kò gbọ́ ṣì wà ní títì fún onílé.

Láàárín àwọn méjèèjì ni olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà dúró sí. Ó lè kó orúkọ jọ lẹ́nu àwọn àgbà pẹ̀lú àṣẹ wọn, kí ó kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ àti ìlú tí a ti ń jẹ́ ẹ. Ó lè kọ ohun tí àgbà wí sí ààyè kan, kí ó kọ èrò tirẹ̀ sí ààyè mìíràn, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe pẹ̀lú àkójọ ọkọ̀. Ó lè kọ ọ̀nà tí a ń gbà kọ orúkọ kan náà ní Bẹ̀nẹ̀, ní Nàìjíríà àti nínú ìwé ìbí Faransé, kí ẹni tí ń wá a má bàa ṣìnà. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kò béèrè ju ìwé àjákọ, ẹ̀rọ tí ń gba ohùn àti sùúrù lọ. Bí ó bá sì bọ́ sí gbangba, yóò di ohun tí a ó máa fi àwọn orúkọ inú ìwé kóòtù wé.

Àwọn àgbà tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí ń dínkù lọ́dọọdún, àwọn orúkọ àtijọ́ sì ń fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ ìjọ àti ti mọ́sáláṣí. Nígbà tí akọ̀wé Freetown bá kọ orúkọ kan tán, yóò kọjá sí ìlà tí ó kàn. Ó ti tó igba ọdún tí púpọ̀ nínú àwọn ìlà náà ti ń dúró de ẹni tí yóò pè wọ́n bí ìyá wọn ṣe pè wọ́n.